Mo Dáná Sun Sípíríǹgì Ọkọ̀ Tíṣà, Mo sì Jẹ́ Kí Wọ́n Rò Pé Àna Mi Ló Ṣe É

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé òpùrọ́ paraku ni mí. Irọ́ kan péré ni. Àmọ́ ó bímọ.

Mẹkáníìkì ni mí. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ pé sípíríǹgì ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́ niṣẹ́ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, mo fẹ́ ọmọ wọn. Àwọn ènìyàn ní ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Mo ní ìfẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé sípíríǹgì fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Irin pẹlẹbẹ gígùn-gígùn ni, tí wọ́n tò lé ara wọn lábẹ́ ìdí ọkọ̀, èyí tó gùn jù lókè, èyí tó kúrú jù nísàlẹ̀, tí gbogbo wọn sì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ewé la máa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó gùn jù yẹn là ń pè ní ìyá ewé. Òun ló so táyà ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀. Bí ìyá ewé bá ṣẹ́, táyà á máa lọ síbi tó wù ú. Bí gbogbo ewé bá sì ti rẹ̀, ìdí ọkọ̀ á wálẹ̀, á wá jókòó bí ajá.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ó ti pé ọdún méje tí Bàbá ti fa ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, sípánà kò gbọ́ tiwọn mọ́. Síbẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà á dé, á kí mi, á wò yíká, á sì béèrè pé: "Bàbá dà?"

Ọdún méje. "Bàbá dà?"

Èmi, Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pè mí. Bẹ́ẹ̀ mo ga ju gbogbo wọn lọ.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà gbé ọkọ̀ wọn wá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ ohùn wọn kò tíì fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ. Aláwọ̀ ewé ni, irin iwájú rẹ̀ ń dán bíi dígí, Tíṣà sì ti ń wà á láti ìgbà tí àwọn ọkùnrin ṣì máa ń dúró lójú títì wo obìnrin tó ń wakọ̀. Ìdí rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. Iná iwájú rẹ̀ ń wo ojú ọ̀run bí ẹni ń retí òjò.

"Àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́sẹ̀ méjì òní," ni Tíṣà wí. "Ọgbọ̀n ọdún la ò ti fojú kanra. Inú ọkọ̀ yìí ni mo ti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Mi ò fẹ́ kó wá bá a ní ìjókòó báyìí. Bàbá dà?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n fi ìka kan ìyá ewé bí ìgbà tí dókítà bá ń kan ikùn ọmọdé.

"Tíṣà, irin yìí ti sìn yín. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Tuntun ló máa gbà. A máa wọn ọ́n, a máa fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ tó ń rọ irú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo sọ."

"Mo gbọ́ yín, Mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni irin sọ."

Bàbá gbọn eruku ọwọ́ wọn nù, wọ́n lọ sílé lọ jẹun. Tíṣà dúró. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì.

"Ìwọ ńkọ́, Ọ̀gá Kékeré? Ṣé ohun tí Bàbá bá ti wí, abẹ gé e náà nìyẹn?"

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó tì mí. Mi ò mu nǹkan kan. Orí mi pé.

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́rin, Mà," ni mo wí.

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ mi nígbà tí mo débẹ̀, kí wọ́n tó kọ́ mi ní orúkọ sípánà, ni pé a kì í fi iná tẹ sípíríǹgì. Iná alágbẹ̀dẹ, pẹ̀lú sùúrù, ló fún irin yẹn lágbára tó fi ń tẹ̀ tó sì ń padà. Bí o bá tún wá fi iná wẹ́dà rọ̀ ọ́, o ti pa á. Yóò dúró bí alààyè, àmọ́ òkú ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Mo dúró de ọjọ́ tí Bàbá ní láti lọ rí dókítà. Mo tú sípíríǹgì méjèèjì, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwa. Ó wo irin, ó wò mí.

"Ṣé Bàbá mọ̀ sí èyí?"

"Bàbá ló rán mi."

Ẹ má ka ìyẹn mọ́ irọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn kéré.

Mo dáná sí ìyá ewé títí ó fi pọ́n bí ata. Mo fi òòlù tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ wẹ́rẹ́, ó rọrùn débi pé ẹ̀rù ì bá bà mí, àmọ́ inú mi ló dùn. Mo tì í bọ inú gáráwà omi, ó ké ṣùùù. Mo ṣe ìkejì. Ibi tí iná gbà kọjá ti di aláwọ̀ aró, mo bá fi ọ̀dà dúdú kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo dì í padà, mo sọ jáàkì kalẹ̀.

Ìdí ọkọ̀ náà dúró sókè! Ó nàró bí ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì.

Nígbà tí Tíṣà dé, wọ́n yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì. Wẹ́dà wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà mẹ́rin wà níbẹ̀.

"Òní ni mo gbà pé ọmọ lè ju bàbá lọ," ni Tíṣà wí, gbogbo òpópónà sì gbọ́. "Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní Ọ̀gá Kékeré mọ́. Ọ̀gá ni."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá béèrè ibi tí mo ti rí sípíríǹgì láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní mo rí àlòkù kan tó bá a mu gẹ́lẹ́, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tú ọkọ̀ tà. Ìyẹn náà kéré.

"O káre," ni Bàbá wí. "Ojú rẹ là jù tèmi lọ." Inú wọn dùn sí mi láìkù síbì kan. Ìyẹn ló burú jù.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni irin náà fi ṣe ojú ayé. Lọ́jọ́ kejìlá, Tíṣà dé. Àbúrò wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi ìborùn wé orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ọkọ̀ náà ti tún jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ̀yìn tì.

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀gá, kí nìyí?"

Ẹ̀yin ará, nígbà tí wọ́n pè mí ní Ọ̀gá yẹn, tí wọn ò pè mí ní Kékeré, mo rí i pé ọjọ́ mọ́kànlá péré ni mo ti fi jẹ oyè náà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà á padà.

"Mà, ẹjọ́ irin yẹn kọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àmọ́ ẹnì kan ti dáná sí i tipẹ́tipẹ́. Sípíríǹgì tí iná bá ti jẹ, kò lè dúró mọ́, kò sí bí èèyàn ṣe lè tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló dáná sí i? Kò sẹ́lòmíràn tó fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí rí, àfi..."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn wo Bàbá tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fi aṣọ nu ìgò ojú wọn. Lóòótọ́, Bàbá ti tú sípíríǹgì yẹn rí, ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Rọ́bà inú ihò rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Wọn ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bàbá?" ni Tíṣà wí, wúyẹ́wúyẹ́.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn wolẹ̀. Mo wolẹ̀ bí ọmọ rere tí kò fẹ́ tú àṣírí bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ tí mo wò yẹn, òun ni irọ́ kan ṣoṣo tí mò ń sọ fún yín. Ẹnu mi kò tilẹ̀ là.

"Ó mà ṣe o," ni Tíṣà wí. "Ọwọ́ wọn ni. Ogbó ló dé. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀."

"Mo ti gbọ́, Mà."

Ẹnì kan ṣoṣo ni Tíṣà sọ fún. Àmọ́ ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọgọ́ta nínú yàrá kan láìlo gbohùngbohùn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹni tó wà ní ìsọdá títì lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan yí padà ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á dé, á wá bá mi tààrà, á sì tẹ ẹnu mọ́ etí mi. "Ọ̀gá, ìwọ fúnra rẹ ni kó fọwọ́ kàn án o. Jọ̀ọ́."

Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé Bàbá dà mọ́. Mi ò ní tàn yín. Ó dùn.

Àmọ́ Bàbá kì í ṣe afọ́jú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pè mí.

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi yìí, ṣé ó ti ń dẹ́rù bani ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ funfun yẹn, mo fẹ́ bá a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yára fi ara rẹ̀ sí àárín."

"Bóyá kò rí yín ni, Bàbá."

"Ó rí mi."

Láti ọjọ́ kejì ni Bàbá ti ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Bí wọ́n bá ń kí ènìyàn, inú àpò ni ọwọ́ wọ́n wà. Wọn kì í mu omi lójú ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí ife. Nígbà tí ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá fún wọn, wọ́n ní àwọn á jẹun bí àwọn bá délé.

"Dádì àwọn ọmọ, kí ló ṣe bàbá mi?" ni ìyàwó mi bi mí. "Ṣé ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí wọn ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Ara àgbà ni," ni mo fèsì. Mo tún béèrè bóyá ẹran ṣì kù.

Ọkọ̀ Tíṣà náà kò jẹ́ kí n sinmi. Kí ìdí rẹ̀ lè dúró, mo yọ ewé kan lára ọkọ̀ akẹ́rù, mo fi kún tirẹ̀. Ó dúró lóòótọ́. Àmọ́ ó le bí òkúta. Bí wọ́n bá gun ẹyọ òkúta wẹ́wẹ́ kan, gbogbo eyín ẹni á gbá ara wọn. Àbúrò Tíṣà gé ahọ́n jẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan.

"Àǹtí mi," ló sọ fún Tíṣà níṣojú mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "mo lè fẹsẹ̀ rìn."

Lẹ́yìn èyí, apá òsì ọkọ̀ wálẹ̀, apá ọ̀tún kò wálẹ̀. Ọkọ̀ náà wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ki irin kan sábẹ́ òsì. Òsì wá ga jù. Mo ki òmíràn sábẹ́ ọ̀tún. Báyìí, ìdí ọkọ̀ ti ga ju iwájú lọ, iná rẹ̀ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù, ìrọ̀rí méjì ni Tíṣà sì ń jókòó lé kí wọ́n tó lè rí ọ̀nà.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n wá. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀marààrún, wọ́n á kọ́kọ́ lọ bá Bàbá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn, wọ́n á fi ohùn jẹ́jẹ́ kí wọn: "Bàbá, ṣé ara ń gbádùn díẹ̀díẹ̀? Ẹ máa sinmi o. Ẹ má ronú ohunkóhun. Ohun tó ti kọjá ti kọjá."

Àánú ni. Wọ́n ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ tí Bàbá kò mọ̀ pé àwọn ṣẹ̀.

Bàbá pè mí. Ojú wọn ti funfun.

"Dókítà tí mo lọ rí lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó pe ẹnikẹ́ni nínú yín sẹ́yìn?"

"Rárá, Bàbá. Kí ló dé?"

"Tíṣà kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi mọ̀ wọ́n. Báyìí wọ́n ń kí mi bí ẹni ń kí aláìsàn tí kò ní dìde mọ́. Gbogbo èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà tí ẹ mọ̀ tí ẹ ò fẹ́ sọ fún mi."

Ibi tí ó yẹ kí n ti la ẹnu nìyẹn. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Àǹfààní náà jókòó síwájú mi gbalaja.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ má ronú."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù wọn. Wọ́n fún wẹ́dà ní bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fún ìyàwó mi ní àpótí ìyá rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n pè mí, wọ́n sì kó gbogbo òòlù wọn lé mi lọ́wọ́, mẹ́sàn-án, tí wọ́n ti fi epo pa láti ilé.

"Ìwọ ni mo rí," ni wọ́n wí.

Mo gbà á. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ó tú. Oòrùn mú. Ìyàwó mi gbé oògùn Bàbá wá, ó dúró tì wọ́n kí wọ́n lè lò ó. Òkè kékeré kan wà ṣáájú ṣọ́ọ̀bù wa, kòtò kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí gbogbo awakọ̀ mọ̀. A rí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń sọ̀ bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìdí sókè.

Ó wọ kòtò. A gbọ́ kànkà!

Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dà bí ìgbà tí awo bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní yàrá kejì. Àmọ́ Bàbá dìde kí ó tó dákẹ́.

"Ìyá ewé," ni wọ́n wí.

Táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún ti sá sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà yí ìdí dà, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, ó ré kọjá ọ̀pá iná, ó sì lọ wọ inú òkìtì táyà tí mo tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Táyà ló gbà wọ́n là. Ká ní ọ̀pá iná ni, orí ìwé ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá ti máa kọ ìtàn yìí sí yín.

Bàbá ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Wọ́n yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì fa àbúrò Tíṣà jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ti rọ̀ láti ọrùn ọwọ́. Kò ké. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ọkọ̀, ó ní: "Mo sọ pé mo lè fẹsẹ̀ rìn."

Wẹ́dà wá igi pẹlẹbẹ méjì, ó fi di ọwọ́ náà. Ìyàwó mi sáré pe ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ènìyàn ti pé jọ. Tíṣà dúró láàárín wọn, bàtà wọn kan ti sọnù. Wọ́n wo Bàbá. Omi lé sójú wọn.

"Bàbá, mo ti pinnu pé mi ò ní sọ ọ́. Àmọ́ àbúrò mi ì bá kú. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Iná tí ẹ dá sí sípíríǹgì yẹn nígbà tí ẹ tú u ni."

Bàbá súnmọ́ Tíṣà.

"Iná?"

"Ẹ má wulẹ̀ jiyàn, Bàbá. Mo ti dárí jì yín."

"Ẹ ṣé, Mà. Ta ló sọ fún yín?"

Tíṣà kò pe orúkọ. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe. Gbogbo ojú tẹ̀ lé àgbọ̀n náà, ó sì wá dúró sára mi.

Bàbá dùbúlẹ̀, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, wọ́n fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ní kí wẹ́dà gbé jáàkì wá. Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó yọ ìdajì ìyá ewé tó ṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà dúdú orí rẹ̀. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀bẹ náà ń ró tí-tí-tí lára irin.

Lábẹ́ ọ̀dà, irin náà ń dán, ó láwọ̀ bí ọrùn ẹyẹlé.

"Tíṣà, ẹ wá wò ó," ni Bàbá wí. "Irin yín àtijọ́ nìyí, àlòkù kọ́; àpá iná nìyí. Ká ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni iná yìí jẹ ẹ́, ìpẹta ì bá ti jẹ àwọ̀ yìí tán. Iná oṣù méjì ni. Èmi kì í sì í kun sípíríǹgì lọ́dà láyé mi. Gírísì ni mo máa ń fi pa á. Ẹni tó bá kùn ún lọ́dà ní ohun tó ń bò."

Wẹ́dà wúkọ́. "Bàbá, ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun wá."

Ìyàwó mi gbé ike oògùn dání. Ó wò mí. Mo fẹ́ wolẹ̀ bíi ti ìjọ́sí, ilẹ̀ kò gbà mí.

Níkẹyìn, Bàbá yíjú sí mi. Mo retí èébú. Mo ti ń gbára dì fún èpè.

"Iná wo lo lò?" ni wọ́n bi mí.

"Gáàsì, Bàbá."

"Nígbà tó pọ́n tán, inú kí lo tì í bọ̀?"

"Omi, Bàbá."

Bàbá pa ojú dé. Epo ni alágbẹ̀dẹ máa ń ti irú irin bẹ́ẹ̀ bọ̀ kó tó tutù; omi ló ń mú kó ṣẹ́ bí awo. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo fi ohun tó mọ́ búra fún yín, omi yẹn dùn wọ́n ju orúkọ wọn tí mo bàjẹ́ lọ.

"Omi," ni wọ́n wí, bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Wọ́n fi irin náà sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì rìn lọ sílé.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó wá dúró níwájú mi, ó rọra sọ ọ́.

"Bàbá mi rò pé òun ń kú lọ. Wọ́n ń pín ẹrù wọn. Ẹ mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ẹ sì na ọwọ́, ẹ gbà á."

Mo fẹ́ sọ pé òòlù lásán ni. Ọlọ́run ló pa mí lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ kejì, Tíṣà wá sílé wa láàárọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá. "Dìde," ni wọ́n wí. "Wọ bàtà rẹ."

Ilé mọ́kànlá tí ọ̀rọ̀ náà ti dé la lọ. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, Tíṣà á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá yín sọ," wọ́n á sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Èmi á wá sọ ọ́: èmi ni mo dáná sí i, Bàbá kò mọ nǹkan kan, mo purọ́ mọ́ wọn. Ní ilé kẹta, wọ́n ní kí n gbé ohùn sókè. Ní ilé kẹfà, mo sọ pé "àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀," Tíṣà sì dá mi dúró. "Kò ṣẹlẹ̀. O ṣe é. Tún un sọ." Mo tún un sọ.

Bí mo bá ti parí, Tíṣà náà á fi tiwọn kún un: "Èmi náà jẹ̀bi. Wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo gbà á gbọ́, mi ò bi Bàbá léèrè." Wọn ò fi ìyẹn sílẹ̀ ní ilé kankan.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá. Mo kó òòlù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n gba òòlù, wọ́n kà wọ́n, wọ́n ní ó pé. Wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Mo ti gbọ́. Mo dárí jì ọ́ lánàá. Máa lọ síbi iṣẹ́."

Mo rò pé ó ti tán. Àṣé ìdáríjì yàtọ̀, kí nǹkan padà sí bó ṣe wà yàtọ̀.

Mo wọn sípíríǹgì Tíṣà, mo fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gan-an ló gbà. Mo dì í, mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà àti bóòtù, mo fi gírísì pa á. Nígbà tí mo sọ jáàkì kalẹ̀, ọkọ̀ náà dúró gbọọrọ, kò wo òkè, kò wo ilẹ̀. Àbúrò Tíṣà ló wà á lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ìdè ọwọ́ rẹ̀. Tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí ìrọ̀rí. "Ó dáa," ni wọ́n sọ fún mi. Wọn ò pè mí ní ohunkóhun.

Odindi oṣù mẹ́ta ni ìyàwó mi ń pè mí ní Ọ̀gá. "Ọ̀gá, omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀." "Ọ̀gá, ọmọ yín ń sunkún." Mi ò mọ̀ pé oyè lè korò tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Mẹkáníìkì kan wà ní òdìkejì títì, ẹni tí èmi àti òun ń du oníbàárà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá ń lọ jókòó báyìí. Láràárọ̀, wọ́n á gba iwájú mi kọjá, mo máa kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á sì sọdá. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn ti ń kún.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ àtijọ́ kan wá bá mi. Ìdí ọkọ̀ náà ti wálẹ̀. Ó ń kánjú. Ó ní ìgbéyàwó ọmọ òun ku ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé mi ò lè fi iná gbé e sókè díẹ̀.

"Ẹ sọdá," ni mo wí. "Ẹ béèrè Bàbá. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ ṣe."

Ó sọdá. Mo rí i tí Bàbá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀ náà, tí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin náà ti padà wá síwájú mi, ojú rẹ̀ kò dùn.

"Bàbá yẹn ní ìwọ ni kó wọn ọ́n. Ó ní ìwọ mọ alágbẹ̀dẹ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Ó fi ọwọ́ họ orí. "Ó tún rán mi níṣẹ́ sí ọ. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé, omi kọ́."

Mo wo òdìkejì títì. Bàbá kò wò mí. Wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé ọkọ̀ wọlé," ni mo sọ fún ọkùnrin náà, mo sì lọ mú ohun tí n óò fi wọn ọ́n.